"Apani kì í jẹ́ kí a mú idà kọjá nípàkọ́ òun": ṣé ẹ̀rù ikú ló ń dá ọ̀daràn dúró?

Ìbéèrè tí ẹ fi ránṣẹ́ ni pé, nígbà tí àwọn àgbà ní "apani kì í jẹ́ kí a mú idà kọjá nípàkọ́ òun", ṣé ohun tí wọ́n ń sọ ni pé bí ìjọba bá ń pa apààyàn, àwọn yòókù á jáwọ́? Ẹ ní ẹnì kan fi òwe yìí gbe ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń jiyàn lórí pípa àwọn ajínigbé.

Rárá o. Òwe náà kò sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo ìpàkọ́ tó wà nínú rẹ̀. Kí ló dé tí kì í ṣe àyà? Ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, àwọn Tẹ̀tú ló ń bẹ́ orí ẹni tí ọba bá dá lẹ́jọ́ ikú. Ẹni tí wọ́n ń bẹ́ lórí kì í rí idà, ẹ̀yìn ló ti ń bọ̀. Apani mọ èyí ju gbogbo wa lọ, torí ìpàkọ́ ẹlòmíràn ló ti ń dójú sọ tipẹ́. Tirẹ̀ nìkan ni kò lè rí. Àwọn àgbà kan náà ló ní ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní ń bá ni rí tẹni. Nítorí náà, bí ọmọdé bá gbé idà gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá, bó tilẹ̀ jẹ́ ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ ló ń gbé e lọ, apani á fò dìde.

Ìkà mọ̀ pé ìkà ń dunni: ibẹ̀ ni òwe náà dá lé. Ẹ wo onílé tó da ẹrù ayálégbé síta lóru, tó ní kò kan òun bí wọn ò ríbi sùn. Lọ́jọ́ tí ìjọba wá fi ọ̀dà pupa sàmì sára ilé tirẹ̀ pé àwọn máa wó o, ló bá ń ké kiri àdúgbò pé wọ́n fẹ́ pa òun. Àwọn aládùúgbò á wo ara wọn, wọ́n á ní apani ò ní jẹ́ kí a mú idà kọjá nípàkọ́ òun. Ẹ̀rù bà á lóòótọ́. Ṣùgbọ́n òwe kò sọ pé ó jáwọ́. Apani ló ṣì ń pè é.

Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti dán ọ̀rọ̀ yìí wò lójú gbogbo ayé. Lẹ́yìn ogun abẹ́lé, ní 1970, ìjọba ológun Gowon ṣòfin pé ikú ni fún adigunjalè. Ní September 8, 1971, wọ́n so Ìṣọ̀lá Oyènúsì àti àwọn mẹ́fà mìíràn mọ́ òpó ní etíkun Bar Beach l'Ékòó, wọ́n yìnbọn pa wọ́n níṣojú ẹgbẹẹgbẹ̀rún èrò. Òfin náà ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó lọ jalè tí wọ́n tìtorí rẹ̀ pa wọ́n. Àwọn oníròyìn tó wà níbẹ̀ ní ṣe ni Oyènúsì ń rẹ́rìn-ín. Ẹni tí ikú dúró níwájú rẹ̀ gan-an nìyẹn, ẹ̀rín ló ń rín!

Ọdún 15 lẹ́yìn náà, ọ̀gá adigunjalè kan, Lawrence Anini, da ìlú Benin rú títí tí ọwọ́ fi tẹ̀ ẹ́ ní December 1986. Wọ́n yìnbọn pa á ní March 1987. Èyí tó ń bà mí nínú jẹ́ jù nínú ìtàn yẹn ni ti George Iyamu, ọ̀gá ọlọ́pàá tí wọ́n dá lẹ́bi pẹ̀lú Anini àti àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀, tí wọ́n sì yìnbọn pa. Ọlọ́pàá ni! Ta ló mọ ohun tí òfin ń ṣe fún adigunjalè jù ú lọ? Lójú tèmi, ó mọ̀ pé ikú wà níbẹ̀, kò kàn rò pé ó lè kan òun ni.

Òwe tó yẹ kí ẹni tó ń jiyàn lórí àwọn ajínigbé yẹn pa ni "gbogbo ọjọ́ ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun". Gbogbo ọjọ́ yẹn ni olè ń fojú sí. Ẹ sọ ìyà ọjọ́ kan náà di ikú, ẹ sọ ọ́ di ẹ̀wọ̀n gbére, bí ó bá ti dá a lójú pé ọjọ́ náà ṣì jìnnà, á máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. L'Ékòó, láti 2017, ikú ni òfin kà sílẹ̀ fún ajínigbé tí ẹni tó jí gbé bá kú sí i lọ́wọ́. Bí ọwọ́ ò bá tẹ ajínigbé, orí ìwé ni òfin yẹn ń gbé. Ní Amẹ́ríkà, ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ kan, National Research Council, yẹ ìwádìí ohun tó ju ọgbọ̀n ọdún lọ wò, wọ́n sì sọ ní 2012 pé kò sí èyí tó lè fi hàn bóyá ìdájọ́ ikú ń dín ìpànìyàn kù, tàbí ó ń fi kún un, tàbí kò ṣe nǹkan kan.

Àwọn tó kórìíra ìdájọ́ ikú náà máa ń ṣi òwe lò. Wọ́n á ní "orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́", bíi pé àwọn baba wa ò bẹ́ orí rí. Wọ́n bẹ́ ẹ. Òwe yẹn ń bá ẹni tí àtúnṣe rẹ̀ ju àléébù lọ wí ni.

Bí ẹ bá fẹ́ pa òwe apani yìí sọ́rọ̀ ajínigbé, ilé ẹjọ́ ni kí ẹ ti pa á, lọ́jọ́ tí ẹni tó kọ etí dídi sí ẹ̀bẹ̀ èèyàn nínú igbó bá dọ̀bálẹ̀ níwájú adájọ́, tó ń ní kí wọ́n ṣàánú òun nítorí àwọn ọmọ òun.