Èsì: Bí o kò bá tíì lè tú inú rẹ sílẹ̀

Àbúrò mi, o ní o ti rí olùdámọ̀ràn lẹ́ẹ̀mẹta nítorí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, pé ojú ṣì ń tì ọ́, bóyá kí o má lọ mọ́. Jọ̀ọ́, má tíì dáwọ́ lílọ dúró.

Ìbáṣepọ̀ ìwọ àti olùdámọ̀ràn rẹ wà lára ìtọ́jú náà fúnra rẹ̀. Ní 1979, Edward Bordin, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, kọ ọ́ pé kí ẹ jọ gbà lórí ibi tí ẹ ń lọ àti iṣẹ́ tí ẹ máa ṣe, kí ìfọkàntán sì wà.

Èmi náà máa ń wọ mọ́tò láti Mọ́níyà lọ rí olùdámọ̀ràn tèmi ní Dùgbẹ̀, n'Íbàdàn, tí mo bá débẹ̀, "Dáadáa ni mo wà, mà" ni. Àgbà ni ìyá tó ń dá mi nímọ̀ràn náà, wọn ò sì kọ́ wa nílé pé ká ta ko àgbà. Ọjọ́ tí mo sọ pé ìbéèrè wọn kan dùn mí, wọn ò bínú rárá. Wọ́n ní kí n ṣàlàyé, wọ́n bẹ̀ mí. Ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ gidi bẹ̀rẹ̀.

Sọ ohun tó ń ṣe ọ́ fún olùdámọ̀ràn tìrẹ náà bẹ́ẹ̀. Bó bá bú ọ tàbí tú àṣírí rẹ, wá ẹlòmíì. Ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ wà ní UCH, ilé ìwòsàn ńlá tó wà n'Íbàdàn. Bó bá sì ń ṣe ọ́ bíi kí o pa ara rẹ, má dúró de ọjọ́ àdéhùn, gba ilé ìwòsàn lọ lónìí, kí ẹnìkan sì tẹ̀lé ọ.