Ẹni yá ẹgbẹ̀fà tí kò san án

Ìbéèrè kan láti Ilé-Ifẹ̀: "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin àgbà, kí ni ìtumọ̀ 'Ẹni yá ẹgbẹ̀fà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà ẹgbèje'? Báwo ló ṣe kan òwò ẹ̀rọ ríákítọ̀ láàárín orílẹ̀-èdè?"

Owó ẹyọ ni òwe náà ń kà. Igba mẹ́fà ni ẹgbẹ̀fà, 1,200. Igba méje ni ẹgbèje, 1,400. Ọ̀pọ̀ ń túmọ̀ rẹ̀ sí "san gbèsè rẹ" lásán, ṣùgbọ́n ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wo ẹni tó gba kẹ́ẹ̀gì epo kan láwìn ní Ọjà Tìtun, tó ní ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀ lòun á san án, tí kò wá yọjú mọ́. Epo yẹn ti bọ́ sọ́bẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì méjì tí ìyá olépo ìbá tún gbé fún un lọ́la ni igi dí, ọwọ́ ara rẹ̀ ló sì fi bẹ́ igi náà.

Ní ti ríákítọ̀, ẹ̀rọ tó ń mú agbára jáde látinú irin uranium, Íńdíà ni mo rí tí òwe yìí bá mu jù. Kánádà ló fún wọn ní ríákítọ̀ CIRUS, Amẹ́ríkà fún wọn ní omi wíwúwo, irú omi àkànṣe tí ríákítọ̀ náà ń lò, àdéhùn sì ni pé iṣẹ́ àlàáfíà ni wọn yóò fi ṣe. Lọ́dún 1974, wọ́n fi plutonium, èròjà àdó olóró tó ti inú CIRUS jáde, dán àdó olóró átọ́míìkì wò ní Pokhran, nílẹ̀ Íńdíà. Íńdíà ní ti àlàáfíà náà ni. Kánádà kò gbà. Ó fi ríákítọ̀ kejì tí wọ́n jọ ń kọ́ ní Rajasthan sílẹ̀, àwọn ará Íńdíà ló parí rẹ̀ fúnra wọn.

Nítorí ìdánwò yẹn, lọ́dún 1975, orílẹ̀-èdè méje tó ń ta ohun èlò ríákítọ̀ pàdé ní London, ibẹ̀ ni NSG, ẹgbẹ́ àwọn olùtajà náà, ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ mú páìpù zirconium, irin tí wọ́n ń kó uranium sí nínú ríákítọ̀: lónìí, bó bá ti ju kílò 10 lọ, ọ̀rọ̀ ẹnu oníṣòwò kò tó. Ìjọba tó ń rà á gbọ́dọ̀ ṣèlérí pé òun kò ní fi ṣe àdó olóró, pé IAEA, àjọ àgbáyé tó ń bójú tó agbára átọ́míìkì, yóò máa yẹ iṣẹ́ òun wò, pé òun kò sì ní tún un tà láìgbàṣẹ. Ọdún 2008 ni ẹgbẹ́ náà tó yọ̀ǹda kí wọ́n tún máa tajà fún Íńdíà: ọdún 34 gbáko lẹ́yìn ìdánwò Pokhran.

Ẹ má fi òwe yìí bá Nàìjíríà wí o. Ọ̀dọ̀ Ṣáínà ni ríákítọ̀ kékeré tó wà ní Zaria ti wá. Lọ́dún 2018, a dá uranium alágbára inú rẹ̀, irú tó ṣeé fi ṣe àdó olóró, padà fún wọn, a sì fi èyí tí agbára rẹ̀ kéré rọ́pò.