Ẹ Bi Bọ̀dá Géèmù: Oyin kan ló jẹ́ kí n yí máàkì mi padà

Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi ní Ìlọrin àti gbogbo apá gúúsù Kwara. Lẹ́tà yín pọ̀ lóṣù yìí, ìbínú ló sì pọ̀ jù nínú ẹ̀, gbogbo ẹ̀ nítorí pé mo fún géèmù àtijọ́ tó ń jẹ́ Adventure Island ní 5 nínú 10 lóṣù tó kọjá. Ibẹ̀ náà la ti máa bẹ̀rẹ̀.

"Bọ̀dá Géèmù, ẹ kú iṣẹ́. Ohun tẹ́ ẹ kọ nípa Adventure Island dùn mí gan-an. Géèmù yẹn la fi dàgbà ní Adéta, gbogbo ọmọ àdúgbò ló máa ń rọ́ wá sílé wa lọ́jọ́ Sátidé nítorí ẹ̀, ẹ wá la 5 mọ́ ọn lórí. Ṣé ẹ tiẹ̀ tún un gbá kẹ́ ẹ tó kọ ọ́?" Ọmọ Adéta

Ẹ má bínú, ẹ jókòó ká sọ ọ́. Mo tún un gbá o. Alẹ́ mẹ́ta ni mo fi gbá a, lórí tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ mi tí ẹ̀yìn ẹ̀ yọ gọngọ yẹn, mi ò lo fóònù, mi ò sì lo ọgbọ́n kankan tó máa dá mi padà síbi tí mo kú sí. Bí mo ṣe ń ṣe gbogbo wọn nìyẹn, torí mi ò fẹ́ fún géèmù ní máàkì lórí ohun tí mo rántí nípa ẹ̀. Ohun tá a rántí nípa géèmù ìgbà yẹn, ìdajì ẹ̀ kì í ṣe géèmù rárá, wàrà tí wọ́n ń kiri kọjá ni, ìjà lórí páàdì ni, ẹ̀gbọ́n tó sọ pé ẹyọ kan péré lòun fẹ́ gbá tó wá gbá a títí iná fi lọ ni. Ìyẹn ò sí nínú kásẹ́ẹ̀tì. Ohun tó wà nínú kásẹ́ẹ̀tì nìkan lagbára mi ká.

Kí ló wá wà nínú ẹ̀? Iléeṣẹ́ Hudson Soft ti ilẹ̀ Japan ló gbé e jáde ní 1986, ara géèmù Wonder Boy ti iléeṣẹ́ Sega ni wọ́n ti yọ ọ́, ẹni tó ń sáré nínú ẹ̀ ni wọ́n pààrọ̀. Ọkùnrin tó ró ewé mọ́dìí yẹn, Master Higgins ni wọ́n ń pè é ní Amẹ́ríkà, àmọ́ ní Japan, Takahashi Meijin lórúkọ ẹ̀, èèyàn gidi sì ni, òṣìṣẹ́ Hudson ni, òun ni wọ́n mọ̀ sẹ́ni tó lè tẹ bọ́tìnnì nígbà 16 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Nínú géèmù, agbára ẹ̀ ń tán bó ṣe ń rìn, èso ló ń dá a padà, ìgbá kan sì wà níbẹ̀ tó máa ń lẹ̀ mọ́ ọn tó ń fa agbára ẹ̀ mu, ìyẹn wù mí gan-an, ọgbọ́n wà níbẹ̀. Àmọ́ àgbègbè 8 ló wà, sítéèjì mẹ́rin-mẹ́rin, 32 lápapọ̀, igbó, òkun, ihò àpáta, ẹ tún máa bá igbó pàdé, kódà ọ̀gá tẹ́ ẹ máa bá jà níparí àgbègbè kọ̀ọ̀kan, orí ẹ̀ ni wọ́n kàn ń pààrọ̀, ara kan náà ni.

Ohun tó mú mi kọ 5 gan-an ni pé tí ẹ̀mí yín bá tán, ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ lẹ ń padà sí. Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, àṣìṣe sì ni. Òǹkàwé kan ní Àjàṣẹ́-Ìpo ló kọ̀wé sí mi pé kòkòrò oyin kan wà tó fara pamọ́ nítòsí òpin sítéèjì àkọ́kọ́ pátápátá, tẹ́ ẹ bá ti mú un, ẹ lè máa bá eré lọ lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá kú. Mo wá oyin náà, mo rí i, mo sì gbé páàdì sílẹ̀, mo kàn ń wò ó ni. Gbogbo ọdún yẹn! Kásẹ́ẹ̀tì tó ń dé ọ̀dọ̀ wa nígbà yẹn, ayédèrú ló pọ̀ jù nínú wọn, kò sí páálí, kò sí ìwé tó ṣàlàyé ohunkóhun, ta ló fẹ́ sọ fún ọmọ ọdún mẹ́jọ ní Adéta pé oyin kan wà níbẹ̀? A pe géèmù ní ìkà, ohun tí wọn ò sọ fún wa ló mú un dà bẹ́ẹ̀. Mo ti gbé e kúrò ní 5, ó ti di 6.5. Mi ò lè gbé e kọjá ibẹ̀, Ọmọ Adéta, torí pé àwọn sítéèjì ẹ̀ jọra jù lóòótọ́, ẹ lọ gbá a dé àgbègbè kẹta kẹ́ ẹ tó tún bínú sí mi.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo gbé TV géèmù wa àtijọ́ sọ̀kalẹ̀ látorí àjà fáwọn ọmọ, ó ṣì ń ṣiṣẹ́, àfi ìbọn ẹ̀. Ọmọ á yìnbọn yìnbọn, pẹ́pẹ́yẹ kan ò ní bọ́ sílẹ̀. Ṣé mo lè rí ẹni bá mi tún ìbọn náà ṣe?" Ìyá Ìbejì, Gáà-Àkànbí

Màmá Ìbejì, ẹ má wulẹ̀ náwó lórí ìbọn, kò bàjẹ́. Tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ lẹ fi gbá a, àbí? Ìbọn yẹn kì í yọ nǹkan kan jáde, ojú ló ní lẹ́nu, ojú yẹn ló fi ń wo iná tẹlifíṣọ̀n. Bí ọmọ bá ṣe fà á, ojú tẹlifíṣọ̀n á dúdú fìrí, àpótí funfun kan á wá yọ síbi tí pẹ́pẹ́yẹ wà, ó yára débi pé ẹ ò ní fẹ́ẹ̀ rí i, tí ìbọn bá rí funfun yẹn lásìkò ẹ̀ gẹ́lẹ́, pẹ́pẹ́yẹ ti kú nìyẹn. Tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ ń ya àwòrán ẹ̀ ní ìlà-ìlà bó ṣe ń dé, kò dúró de nǹkan kan. Ti òde òní ní tiẹ̀ á gba àwòrán, á tún un ṣe nínú, kó tó gbé e síta, ìdádúró kékeré yẹn, èèyàn ò lè mọ̀ ọ́n, ìbọn mọ̀ ọ́n. Ẹ lọ bá àwọn tó ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe nítòsí yín, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù wọn kì í ṣaláìní ẹyọ kan tí wọ́n ti pa tì. Duck Hunt ti 1984 ni géèmù yẹn, gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n, mi ò ní fún un ní máàkì níbí, àwọn tí ẹnikẹ́ni ò kà sí ni mo ń wá.

"Bọ̀dá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ìjàkadì lorò Ọ̀fà, ẹ mọ̀. Géèmù ìjàkadì àtijọ́ wo ló wà tí kì í ṣe èyí tí gbogbo èèyàn ti gbá?" Ọmọ Ọlọ́fà

Tecmo World Wrestling. Ó jáde ní Japan ní 1989, ó dé Amẹ́ríkà ní 1990. Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn ẹ̀ ni ọkùnrin kan tó jókòó sísàlẹ̀ ojú tẹlifíṣọ̀n, òun ló ń sọ bí ìjà ṣe ń lọ, bẹ́ ẹ ṣe ń gbé èèyàn ṣánlẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ẹ̀ ń jáde ní kíkọ, tí ọwọ́ ńlá bá sì wọlé, àwòrán á yí, á tóbi, ẹ máa rí ẹni tẹ́ ẹ gbé lókè kó tó balẹ̀. Ẹ tún máa ń ṣe ìdánrawò láàárín ìjà kan sí èkejì kára yín lè le sí i. Ẹni tó bá ti dúró lágbo ìjàkadì rí mọ̀ pé ìjà láìsí ẹni tó ń kì í kò pé. 7.5. Bọ́tìnnì ni wọ́n ń jẹ́ kẹ́ ẹ tẹ̀ jù nígbà tẹ́ ẹ bá dìmú, àtàǹpàkò mi dùn mí fún ọjọ́ méjì.

"Ẹ káàárọ̀ sà. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí, ní Tánkẹ́ ni mò ń gbé. Mo rí PS1 kan (PlayStation àkọ́kọ́) rà ní owó pọ́ọ́kú, ó ní chip nínú tó ń jẹ́ kó ka síídì àdàkọ. Mi ò fẹ́ bọ́ọ̀lù, mi ò fẹ́ Tekken, gbogbo èèyàn mọ ìyẹn. Ẹ fún mi ní géèmù kan tí ẹnikẹ́ni nínú họ́sítẹ́ẹ̀lì mi ò tíì gbọ́ orúkọ ẹ̀ rí."

Àbúrò, mo ti ń retí ẹni tó máa bi mí ní ìbéèrè yìí látìgbà tí mo ti ń kọ ojú ìwé yìí. Vib-Ribbon lorúkọ ẹ̀. NanaOn-Sha ló ṣe é, ó jáde ní Japan ní 1999, lẹ́yìn náà ó dé Yúróòpù, wọn ò tà á ní Amẹ́ríkà láyé PS1 rárá. Tó o bá tàn án, wà á rò pé ó bàjẹ́, torí ilẹ̀ dúdú ni, ìlà funfun kan ṣoṣo, ehoro kan tí wọ́n fi ìlà yà bí ẹni fi ṣọ́ọ̀kì yàwòrán sójú bọ́ọ̀dù, Vibri lorúkọ ẹ̀, ó ń rìn lórí ìlà náà. Oríṣi ìdènà mẹ́rin ló wà lọ́nà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní bọ́tìnnì tiẹ̀, o gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́ lásìkò tí orin bá sọ. Tó o bá ń ṣìnà, ehoro á di ọ̀pọ̀lọ́, tó o bá tún ń ṣìnà, ọ̀pọ̀lọ́ á di kòkòrò tó ń wọ́lẹ̀, tó o bá wá ṣe dáadáa lera-lera, á padà sókè.

Ibi tó ti wọ̀ mí lọ́kàn nìyí. Gbogbo géèmù náà kéré débi pé PS1 á gbé e mì pátá sínú ara ẹ̀, wà á wá yọ síídì géèmù kúrò, wà á fi síídì orin tìẹ sí i, ohun tó bá wà nínú orin yẹn ló máa sọ di ọ̀nà tí ehoro máa gbà. Mo gbé síídì dàdàkúàdà bàbá mi síbẹ̀. Dàdàkúàdà o, orin Ìlọrin, nínú géèmù tí àwọn ará Japan ṣe! Nígbà tí ohùn nìkan ń sọ̀rọ̀, ọ̀nà náà rọra ń lọ, mo ń rẹ́rìn-ín, bí ìlù ṣe wọlé báyìí ìlà náà gbọ̀n, ìdènà méjì so pọ̀, mẹ́ta tẹ̀ lé e, ehoro mi di kòkòrò lójú ẹsẹ̀. Bàbá mi jáde láti yàrá, ó ní ta ló gbé orin òun síbẹ̀, ó sì jókòó tì mí, ó ń fọwọ́ gbá orúnkún ẹ̀, ó ń sọ fún mi pé "ó ń bọ̀, ó ń bọ̀" kí ìlù tó yí, torí ó mọ orin náà délé. Òun ni mo fi yege. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé géèmù yìí ò tíì dàgbà rárá, bí síídì bá ṣe pọ̀ tó nínú ilé ni ó ṣe tóbi tó.

Àmọ́ fi èyí sọ́kàn o: síídì orin gidi ló máa ń kà. Èyí tí wọ́n kó orin MP3 ọgọ́rùn-ún sí lórí, tí wọ́n ń tà létí títì, kò ní kà á. Máàkì: 9. Mi ò tíì fún géèmù PS1 kankan ní 9 rí níbí.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Kásẹ́ẹ̀tì wa, àfi ká fẹnu fẹ́ ẹ kó tó gbé àwòrán wá. Ṣé kò léwu?" Alfa kan, Ọjà-Ọba

Ó léwu díẹ̀, Alfa. Kì í ṣe afẹ́fẹ́ ẹnu ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, yíyọ tẹ́ ẹ yọ ọ́ tẹ́ ẹ tún un kì bọ̀ ọ́ ni. Ọ̀rinrin ẹnu máa ń jẹ́ kí irin ẹnu kásẹ́ẹ̀tì dógùn-ún nígbà tó bá yá. Ẹ ra sípírítì ní kẹ́mísì, ẹ fi òwú díẹ̀ nù ún, ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa.

"Ọ̀gá, ẹ ẹ̀ kú ìgbà yìí. Tísà ni mí ní Òmù-Àrán. Ìyàwó mi ò fẹ́ràn géèmù ìjà, mo sì fẹ́ nǹkan tí àwa méjèèjì lè jọ jókòó tì tí iná bá wà. A ní kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kọ 9999999 in 1 sí lára."

Tísà, ó ṣeé ṣe kí ohun tẹ́ ẹ ń wá ti wà lọ́wọ́ yín. Mo mọ irú kásẹ́ẹ̀tì yẹn, orúkọ ló pọ̀, géèmù inú ẹ̀ ò tó nǹkan, wọ́n á kàn tún orúkọ pè lọ sísàlẹ̀ ni, ìdí nìyẹn tí gbogbo wa fi máa ń gbá márùn-ún àkọ́kọ́ tá a sì pa á. Ẹ má pa á. Ẹ máa yí i lọ títí ẹ ó fi rí Binary Land. Hudson náà ló ṣe é, ó dé orí Famicom, ẹ̀rọ géèmù Nintendo ní Japan, ní 1985. Ẹyẹ pẹngúìn méjì ni, akọ kan abo kan, Gurin àti Malon, ògiri wà láàárín wọn, wọ́n sì gbọ́dọ̀ jọ dé ibi ọkàn tó wà lókè lẹ́ẹ̀kan náà. Páàdì kan ló ń darí àwọn méjèèjì. Tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ lọ sókè, wọ́n á jọ lọ sókè, àmọ́ tẹ́ ẹ bá tẹ ọ̀tún, ọ̀kan á lọ sọ́tùn-ún, èkejì á lọ sósì. Ìyẹn nìkan ni gbogbo òfin ẹ̀, ó sì máa dà yín lórí rú ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, torí ojú méjì lẹ ní, ibi méjì ló sì yẹ kẹ́ ẹ máa wò. Aláǹtakùn wà níbẹ̀, okùn wọn wà káàkiri, tí ọ̀kan nínú àwọn ẹyẹ bá há sínú okùn, èkejì ló máa wá tú u sílẹ̀, táwọn méjèèjì bá há, ó parí.

Bí èmi àti àǹtí mi ṣe gbá a nìyí: ọ̀kan di páàdì mú, èkejì ń ṣọ́ ẹyẹ apá kejì, ó ń pariwo. Ilé ò rójú títí di ọ̀gànjọ́. Mo fún un ní 8, mo yọ 2 torí ó pẹ́ díẹ̀ kó tó le, ẹ fara da ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá gbá a, ẹ kọ̀wé sí mi, ẹ sọ ẹni tó kọ́kọ́ darí ẹyẹ kó sínú okùn nínú ẹ̀yin méjèèjì.