Ẹ má jẹ́ kí Pi Zero ṣe compile numpy

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹ Ctrl-C. Ẹ ní láti alẹ́ àná ni pip, irinṣẹ́ tó ń gbé package Python wọlé, ti há sórí "Building wheel for numpy" (package ìṣirò Python) lórí Pi Zero àkọ́kọ́, kọ̀ǹpútà kékeré Raspberry Pi, ẹ wá ń béèrè bóyá kẹ́ ẹ ṣì dúró dè é. Èmi dúró dè é nígbà tèmi. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ohun tí mo bá lójú rẹ̀ ni "fatal error: Killed signal terminated program cc1plus". Mẹ́mìrì 512MB péré ni Pi Zero ní. Bí compiler, ìyẹn ètò tó ń sọ source code di ohun tí ẹ̀rọ lè lò, bá gbé fáìlì ńlá, mẹ́mìrì á tán, kernel, ọkàn Linux, á sì pa á. Mo fi swap kún un, ìyẹn ààyè lórí káàdì SD tó ń ṣe bíi mẹ́mìrì. Kò kú mọ́ lóòótọ́, àmọ́ ó ń wọ́ bí ìgbín, káàdì SD ló sì ń jìyà ẹ̀.

Wheel, ìyẹn package tí wọ́n ti compile sílẹ̀, ni kẹ́ ẹ wá. Iṣẹ́ ìkànnì piwheels nìyẹn fún Raspberry Pi OS 32-bit. Ẹ ṣí /etc/pip.conf, kẹ́ ẹ wò bóyá ìlà yìí wà níbẹ̀:

extra-index-url=https://www.piwheels.org/simple

Bó bá wà, tí pip ṣì ń compile, ẹ yẹ Python yín wò. Python 3.11 ló bá Bookworm, ẹ̀yà Raspberry Pi OS kan, wá, wheel tó ní cp311 lórúkọ ló sì bá a mu. Èmi ti fi ọwọ́ ara mi gbé Python tuntun sórí Bookworm rí, mo rò pé mo gbọ́n. Pip ò rí wheel kankan tó bá a mu, ló bá padà sídìí source.

Bí numpy bá wọlé tán, tí import wá ń ké pé òun ò rí libopenblas.so.0, ẹ má bẹ̀rù. Wheel yẹn kì í gbé libraries dání: sudo apt install libopenblas0, ó parí.

Ẹ má sì ṣe ohun tí mo ṣe o. Mo ṣe compile package kan lórí Debian armhf lásán (Debian 32-bit fún ARM, kì í ṣe Raspberry Pi OS), mo yí armv7l inú orúkọ wheel padà sí armv6l, pip sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Bí mo ṣe ní kó ṣiṣẹ́ báyìí: "Illegal instruction". Processor ARMv7 ni Debian yẹn ń compile fún, ARMv6, tó ti pẹ́ jù ú lọ, sì ni ti Zero.

Ẹ bá mi ṣe pip debug --verbose, kẹ́ ẹ lẹ ohun tó bá tẹ̀ jáde síbí.