Ṣé kí n ra máìkì ni, àbí kí n padà sí sítúdíò?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Bọ̀dá Ẹnjiníà. Òkè-Baálẹ̀ l'Óṣogbo níbí ni mò ń gbé, tíṣà ni mí, mo máa ń kọ orin ara mi, jìtá ni mo sì fi ń gbè é. Orin méje ló wà nílẹ̀ báyìí tí mo fẹ́ ṣe sínú àwo kan, èmi àti jìtá nìkan, kó máa ṣe ẹni tó ń gbọ́ ọ bíi pé mo jókòó tì í. Mo gbé méjì nínú ẹ̀ lọ sí sítúdíò kan, wọ́n ní kí n kọ́kọ́ ta jìtá, ẹ̀yìn ìyẹn ni mo tó wá kọrin lé e, kílíìkì, ìyẹn ìró kọ́ kọ́ kọ́ tó ń ka ìwọ̀n ìyára orin, ń dún sí mi létí, wọ́n tún fi bíìtì díẹ̀ sí i. Ó mọ́ lóòótọ́, àmọ́ kò wọ̀ mí lára, èyí tí mo fi fóònù gbà nílé tiẹ̀ dùn mọ́ àwọn ọ̀rẹ́ mi ju ìyẹn lọ. Ṣé kí n ra máìkì kí n máa ṣe é nílé ni, àbí kí n padà sí sítúdíò? Ilé wa ò fi bẹ́ẹ̀ dákẹ́, páànù ló sì wà lórí ẹ̀. Ẹnì kan tún ní kí n lọ gbà á létí odò Ọ̀ṣun, ṣé ìyẹn bọ́gbọ́n mu? Ẹ ṣeun sà.

Ìdáhùn: Àbúrò mi, o kú iṣẹ́ o, orin ò ní tán lẹ́nu ẹ. Má tíì ra nǹkan kan, má sì tíì padà sí sítúdíò. O ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ara ẹ lóhùn tán nínú ìbéèrè yẹn, èyí tó o fi fóònù gbà ló dùn mọ́ àwọn èèyàn, ṣé máìkì fóònù wá dáa ju ti sítúdíò lọ ni? Rárá o. Nílé, ẹnu ẹ àti ọwọ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ pọ̀, tó o bá fa ọ̀rọ̀ kan gùn, jìtá á dúró dè ẹ́, tí ọ̀rọ̀ bá gbóná, ọwọ́ ẹ á sáré díẹ̀ láìjẹ́ pé o mọ̀. Ní sítúdíò wọ́n ya ẹnu kúrò lára ọwọ́, jìtá ń bá kílíìkì lọ, ìwọ náà wá ń sá tẹ̀lé jìtá tó o ti ta sílẹ̀, báwo ló ṣe máa dùn? Mi ò bá wọn wí o, tó bá jẹ́ pé ìlù, bàsì, kíbọ́ọ̀dù àti àwọn elégbè ń bọ̀ lórí ẹ̀ ni, èmi náà á fi kílíìkì sí i, bá a ṣe ń ṣe ti àwọn olórin ìyìn nìyẹn. Orin tìẹ ni ò béèrè ẹ̀.

Ó ti ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó jù ẹ́ lọ. Bruce Springsteen ti Amẹ́ríkà jókòó sílé ẹ̀ ní New Jersey, nígbà tí 1981 ń parí lọ tí 1982 ń wọlé, jìtá lọ́wọ́, máìkì Shure SM57 méjì àti ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì kékeré kan, ó kàn fẹ́ fi han àwọn ọmọ bẹ́ńdì ẹ̀ bí àwọn orin tuntun náà ṣe lọ ni. Ìgbà tí wọ́n dé sítúdíò tí gbogbo bẹ́ńdì lu tiwọn sí i, adùn ẹ̀ bá lọ, kásẹ́ẹ̀tì ọ̀hún gan-an ni wọ́n padà gbé jáde, òun ni àwo tí wọ́n ń pè ní Nebraska. Ní ilẹ̀ Áfíríkà wa níbí, Ali Farka Touré àti Toumani Diabaté ti Mali gba In the Heart of the Moon sílẹ̀ nínú hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Bamako, létí Odò Ọya, ó jáde ní 2005, ó sì gba Grammy. Hòtẹ́ẹ̀lì o.

Yàrá àti àsìkò ni wàá kọ́kọ́ wá, kó o tó ronú máìkì. Gbé fóònù ẹ sáàárín yàrá tó o fẹ́ lò, jẹ́ kó máa gba ohùn sílẹ̀, kó o bọ́ síta fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kó o wá fi íápíìsì gbọ́ ohun tó gbà. Ẹnu á yà ẹ́. Wàá gbọ́ fíríìjì, wàá gbọ́ ẹ̀rọ tí ará ẹ̀gbẹ́ ilé yín fi ń fa omi, wàá gbọ́ aago ara ògiri tí ó ti mọ́ ẹ létí débi pé o ò mọ̀ mọ́ pé ó ń dún, bẹ́ẹ̀ máìkì gidi á gbọ́ ọ ketekete. Yọ bátìrì aago yẹn. Pa fáànù, pa fíríìjì, kó o sì ju kọ́kọ́rọ́ ilé sínú fíríìjì ọ̀hún, tó o bá ń wá kọ́kọ́rọ́ láàárọ̀ wàá rántí pé o pa á, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹja inú ẹ̀ á bá orin lọ.

Ọ̀rọ̀ páànù, tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ kò sí ọgbọ́n tá a lè dá sí i, ká jókòó dúró dè é ló kù. Kódà lọ́jọ́ tí òjò ò rọ̀, páànù máa ń ta pá pá pá tí oòrùn bá ń mú un, á tún máa ta bẹ́ẹ̀ tó bá ń tutù nírọ̀lẹ́, torí náà gbàgbé ọ̀sán. Aago méjì òru sí aago mẹ́rin ni mo fẹ́ràn jù nílùú yìí, àwọn oní-jẹnẹrétọ̀ ti pa á, ọ̀kadà ti wọlé, kò tíì tó àkókò ìrun àsùbáà, àkùkọ kan sí méjì tí ò mọ aago nìkan ló lè yọ ẹ́ lẹ́nu. Má mú òru ọjọ́ Jímọ̀ tí ṣọ́ọ̀ṣì bá wà nítòsí yín, torí ìṣọ́ òru, má sì mú inú oṣù Ramadan, àwọn ajísààrì á ti jí gbogbo àdúgbò kó o tó tún okùn jìtá ẹ ṣe tán. Oṣù kẹjọ tí ọdún Ọ̀ṣun bá ń lọ lọ́wọ́ ńkọ́? Ìwọ náà mọ̀. Ìgbà ọ̀yẹ́ ló dákẹ́ jù, ọ̀pọ̀lọ́ ò ké, òjò ò sí, àmọ́ ọ̀yẹ́ ló tún máa ń gbẹ igi jìtá tí okùn á fi máa gbọ̀n mọ́ irin ọrùn ẹ̀, nítorí náà fi kànìnkànìn tó o ti fún omi ẹ̀ dáadáa sínú ike tó níhò, kó o tọ́jú ẹ̀ sínú àpò jìtá láti bí ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú.

Pálọ̀ tó ní táìlì, má dé bẹ̀, pàtẹ́wọ́ ẹyọ kan níbẹ̀ wàá gbọ́ bó ṣe ń dún tẹ̀lé ara ẹ̀. Yàrá tí bẹ́ẹ̀dì wà, tó ní kọ́tìnnì tó nípọn, tó ní wọ́dúróòbù tí aṣọ kún inú ẹ̀, òun la fẹ́, ṣí wọ́dúróòbù yẹn sílẹ̀, kó o kọ ẹ̀yìn sí i, torí ibi tí máìkì kọjú sí ló máa ń gbọ́ jù, aṣọ ni ká jẹ́ kó bá lẹ́yìn ẹ, kó má bá ògiri. Kírétì ẹyin tí àwọn èèyàn ń kàn mọ́ ògiri ò lè dá ariwo jẹnẹrétọ̀ dúró láéláé, aáyán ló ń jàǹfààní ẹ̀.

Ó kan máìkì wàyí. Condenser ẹyọ kan, ìyẹn máìkì tó ń lo iná tó sì ń gbọ́ ohùn jẹ́jẹ́ dáadáa, ti tó ẹ. Gbé e síwájú ara ẹ, bíi sẹ̀ǹtímítà 40 sí 50, kó ga tó àyà ẹ, kó kọjú sí àárín ẹnu ẹ àti ibi tí ọrùn jìtá ti pàdé ara ẹ̀, má kọjú ẹ̀ sí ihò jìtá, ibẹ̀ máa ń hu bùù ni. Tí ohùn bá bo jìtá, sọ máìkì kalẹ̀ díẹ̀, tí jìtá bá bo ohùn, gbé e sókè, bí ìka méjì ìka mẹ́ta péré, wàá rí i pé ìyàtọ̀ ẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ẹ má kánjú níbí o, mo lè lo wákàtí kan gbáko lórí ibi tí máìkì máa dúró kí n tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọrin, torí tẹ́ ẹ bá ti gbà á tán báyìí, kò sí pé ẹ fẹ́ fi ohùn nìkan kún tàbí kẹ́ ẹ dín jìtá nìkan kù.

Wọ́n á sọ fún ẹ pé máìkì méjì ló dáa, ọ̀kan fún ẹnu, ọ̀kan fún jìtá. Ó ṣeé ṣe, àmọ́ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀: ohùn máa ń rin nǹkan bíi mítà 340 láàárín sẹ́kọ́ńdù kan, tí máìkì jìtá bá fi sẹ̀ǹtímítà 34 jìnnà sí ẹnu ẹ ju máìkì ẹnu lọ, ohùn kan náà á pẹ́ dé ibẹ̀ ní ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún sẹ́kọ́ńdù. Ó kéré lójú, ṣùgbọ́n tá a bá ti da méjèèjì pọ̀, wọ́n á máa pa apá kan ara wọn, ohùn ẹ á wá tín-ín-rín bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ látinú páìpù. Ó ní irú máìkì tí wọ́n ń pè ní figure-8 tí kì í gbọ́ ẹ̀gbẹ́, òun làwọn tó mọ̀ ọ́n ń fi yẹra fún wàhálà yìí, àmọ́ jẹ́ ká fìyẹn sílẹ̀ ná. Máìkì ṣọ́ọ̀ṣì ńkọ́, ìyẹn dynamic? Jìtá tó ò ń fi ìka ta jẹ́jẹ́ kéré fún un, wàá yí gain, ìyẹn bọ́tìnnì tó ń gbé agbára máìkì sókè, títí, ṣíìì á wá máa hó lábẹ́ orin. Springsteen lò ó lóòótọ́, dynamic ni SM57 yẹn, kásẹ́ẹ̀tì ẹ̀ sì ń hó dáadáa.

Owó tó o fẹ́ fi ra máìkì yẹn, mú díẹ̀ nínú ẹ̀ lọ bá àwọn ará sítúdíò, kódà àwọn tó o lọ bá tẹ́lẹ̀, sọ fún wọn pé yàrá wọn kọ́ lo fẹ́, pé condenser wọn, laptop wọn àti ẹnì kan tó mọ̀ ọ́n lò lo fẹ́ yá fún òru méjì. Wọ́n á gbà, òru tí kọ́sítọ́mà ò sí ni. Kí ẹnì kan nínú ẹbí ẹ wà nílé o, òru lòru ń jẹ́. Kí wọ́n rántí tẹ 48V, ìyẹn iná tí condenser ń lò, lára audio interface, àpótí tó ń so máìkì mọ́ laptop, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ condenser ò ní gbọ́ nǹkan kan, kí laptop máa lo bátìrì ara ẹ̀ kí iná NEPA má baà máa kùn sínú orin, kó jìnnà sí máìkì nítorí fáànù inú ẹ̀, kí fóònù gbogbo yín wà ní airplane mode. Kí wọ́n ṣètò ìgbàsílẹ̀ náà sí 24-bit, 48 kHz, kí ibi tó ga jù nínú orin má kọjá -6 dB lára mítà tó ń wọn ohùn. Ó tán.

Ìwọ fúnra ẹ, má wọ ankara tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba sítáàṣì, gbogbo bó o bá ṣe ń mí ló máa dún, yọ ẹ̀gbà ọwọ́, kó o jókòó sórí àpótí igi tí kì í ké, má lo àga rọ́bà. Okùn jìtá tuntun, fi sí i ní ọjọ́ méjì mẹ́ta ṣáájú kó lè balẹ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ wa ti kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì débi pé ẹni tó jókòó lẹ́yìn pátápátá là ń kọ ọ́ sí, níbí yìí kò sí ẹni tó jókòó lẹ́yìn, sẹ̀ǹtímítà 50 ni ẹni tó ń gbọ́ ẹ wà, bá a sọ̀rọ̀ níwọ̀n yẹn. Kọ orin kọ̀ọ̀kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin lẹ́ẹ̀mẹta, mu omi, tún okùn ṣe, bọ́ sórí òmíì, ilẹ̀ á mọ́ kẹ́ ẹ tó yan èyí tó dáa jù. Tí ìka bá yọ̀ níbì kan tí ọ̀rọ̀ ṣì wọlé, fi í sílẹ̀. Èmi ò sì ní jẹ́ kí wọ́n fi Auto-Tune, ẹ̀rọ tó ń fipá tún ohùn tó bá yẹ̀ ṣe, kan orin Yorùbá tó sún mọ́ etí báyìí, ohùn wa máa ń yọ́ látòkè bọ́ sílẹ̀ ni, ẹ̀rọ yẹn á gé e gbọnrangandan, ẹni tó ń gbọ́ ẹ á wá máa béèrè pé kí lo sọ.

Etí odò Ọ̀ṣun, má lọ. Omi tó ń ṣàn rẹwà létí, nínú máìkì ó máa ń bo gbogbo ohùn jìtá tó lọ sókè mọ́lẹ̀, àwọn ọ̀bọ inú igbó yẹn ò sì mọ̀ pé ẹ̀ ń gba orin. Igbó Ọ̀ṣun tún wà lára ibi àjogúnbá tí UNESCO kọ sílẹ̀ ní 2005, kò sí pé èèyàn kàn gbé wàyà àti ẹ̀rọ wọbẹ̀ láìtọrọ àyè. Tó bá jẹ́ pé ohùn omi lo nílò nínú orin kan, lọ gba omi nìkan lọ́tọ̀ níbi tí wọ́n bá ti yọ̀ǹda, wọ́n á tẹ́ ẹ sábẹ́ orin ẹ jẹ́jẹ́.

Lẹ́yìn náà iṣẹ́ ò pọ̀ mọ́. Kí ẹni tó máa ṣe mix, ìyẹn ẹni tó máa tún ohùn náà tò, gé ìró tó rẹlẹ̀ ju 70 Hz lọ dànù, okùn tó wúwo jù lára jìtá bíi 82 Hz ló ti ń bẹ̀rẹ̀, nítorí náà kò sí nǹkan ẹ kankan nísàlẹ̀ yẹn àfi ìró ọkọ̀ tó ń kọjá. Reverb, ìyẹn ìró tó ń dún tẹ̀lé ohùn bíi nínú yàrá ńlá, díẹ̀ ṣín-ín. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ti ohùn ẹ̀ sókè kó lè pariwo bí àwọn orin ijó, Spotify máa ń mú gbogbo orin wá sí nǹkan bíi -14 LUFS, ìwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ bí orin ṣe pariwo tó, ariwo tẹ́ ẹ bá fi kún un, wọ́n á dín in padà ni. Kí wọ́n tó gbé laptop wọn lọ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, gba àwọn WAV ẹ, ìyẹn fáìlì orin tí wọn ò tíì fún pọ̀, sínú flash méjì, gbogbo ẹ̀ pátá, àtèyí tó dáa àtèyí tí ò dáa, ọ̀kan kó wà lọ́wọ́ ẹ, ìkejì kó wà nílé ẹlòmíì, tó o bá sì fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ẹni tó máa ṣe mix lórí WhatsApp, bí document ni kó o fi ránṣẹ́, kí WhatsApp má baà bà á jẹ́.