Ẹja Ta Lẹ Gbé Sórí Status?

Lẹ́tà bàbá kan láti Ọ̀yọ́, tó pe ara rẹ̀ ní "Bàbá Apẹja", gùn tó ojú ewé mẹ́ta. Ohun tó ń bèèrè kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀: ọmọkùnrin rẹ̀, ọmọ ọdún 9, kò fẹ́ lọ pẹja mọ́. Kí ni kí òun fi rọ́pò rẹ̀ tí ọmọ náà á fi gbójú kúrò lára fóònù? Ṣé kí òun ra kẹ̀kẹ́ fún un ni, àbí kí òun kó gbogbo ilé lọ wo ẹranko ní Old Oyo National Park? Ó ku díẹ̀ kí n dá a lóhùn bó ṣe bèèrè. Àfi ìgbà tí mo dé ìsàlẹ̀ ojú ewé kejì, níbi tó ti sáré kọjá bí ẹni tó tẹ iná mọ́lẹ̀. Mo da ọ̀rọ̀ rẹ̀ kọ síbí:

"A jókòó sétí dáàmù Erelú láti aago méje àárọ̀ títí di ọ̀sán. Èpìyà kan ṣoṣo ló rí pa, kò ju ìka méjì lọ, mo bá jù ú padà sómi. Kí ojú má bàa tì wá nílé, mo yà síbi tí wọ́n ti ń sin ẹja lọ́nà Àwẹ́, mo ra àrọ̀ kìlò méjì, mo ní kó gbé e dání, mo ya fọ́tò, mo gbé e sórí status. Àbúrò rẹ̀ obìnrin fẹ́ tú àṣírí nígbà tí ìyá wọn ń bèèrè, mo fojú bá a wí. Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá ti mú ọ̀pá ìwọ̀, ọmọ náà á ní inú ń run òun."

Bàbá Apẹja, ẹja wo lẹ pa?

Ẹ ti kọ gbogbo rẹ̀ sínú lẹ́tà fúnra yín, ẹ tún wá ń bi mí pé kí ló dé tí ọmọ ò fẹ́ pẹja mọ́. Ọmọ yín fẹ́ pẹja. Ó jókòó wákàtí márùn-ún lórí koríko, ọmọ tẹ́ ẹ ní kò lè fi fóònù sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Kò sunkún, kò ní ká máa lọ sílé. Ẹ̀yin náà lẹ kọ ọ́ pé lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, ó wa ekòló fúnra rẹ̀ lẹ́yìn balùwẹ̀, ó kó wọn sínú agolo mílíìkì, ó fi erùpẹ̀ tútù bò wọ́n. Ọmọ tí nǹkan sú kì í bo ekòló ní erùpẹ̀.

Ìka méjì lẹ̀yin rí. Ẹ ò rí ohun tó wà nídìí ẹ̀. Àwọn èpìyà kéékèèké mọ ìjẹ jí jẹ gan-an. Wọ́n á tọ́ ọ wò létí, wọ́n á já a díẹ̀díẹ̀, wọ́n á fi ìwọ̀ lásán sílẹ̀ fún ọ. Pòpòrò tó léfòó lójú omi á mì, o fà á, òfo. O tún fi ekòló mìíràn sí i, o tún fà, òfo. Ọmọ náà ní láti fojú mọ ìyàtọ̀ láàárín mímì tí afẹ́fẹ́ ń mì í àti mímì tí ẹja ń mì í, ó sì mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ó fà á, nǹkan kan fà á padà. Ṣé ẹ rántí ìgbà tí nǹkan kan fa ẹ̀yin náà padà báyẹn rí?

Pé ẹja kékeré padà sódò, ìyẹn ò burú. Àwọn kan nínú àwọn tó ń fi odò jẹun náà máa ń dá ọmọ ẹja padà kó lè dàgbà. Ká ní ẹ fi lé e lọ́wọ́ ni, kó wò ó dáadáa, kó fọwọ́ kan ẹ̀gún ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ sọ fún un pé irú èpìyà kan wà tí abo rẹ̀ máa ń fi ẹnu gbé ẹyin títí wọ́n á fi pa, tí àwọn ọmọ ọ̀hún á tún sá wọnú ẹnu ìyá wọn bí ewu bá dé. Kí ẹ wá bi í pé, "Ṣé ká jẹ́ kó máa lọ?" Kí òun fúnra rẹ̀ ki ọwọ́ bọmi, kó tú u sílẹ̀. Ẹ ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ jù ú. Ẹja yín ni?

Ẹ wá lọ gbé àrọ̀ kìlò méjì lé e lọ́wọ́. Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ ẹ fi ń wá èpìyà yẹn náà ló fà á jáde ni? Gbogbo ẹni tó mọ ẹja nínú àwọn tó rí fọ́tò yẹn ti rẹ́rìn-ín, wọn ò kàn sọ fún yín ni. Àrọ̀ kì í sì í tètè kú. Ó lè máa mí afẹ́fẹ́ lókè omi fún ìgbà pípẹ́, nítorí náà bí ọmọ ṣe gbé e dání ló ń jà lọ́wọ́ rẹ̀, tí ẹ̀yin dúró níwájú, tẹ́ ẹ ń sọ pé "rẹ́rìn-ín, rẹ́rìn-ín". Inú tó ní ó ń run òun yẹn, mo gbà á gbọ́.

Èmi náà ti ṣe é rí. Ilé ìwé ní kí ọmọ mi mú iṣẹ́ ọwọ́ wá, ó ní abẹ̀bẹ̀ lòun máa hun. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi hun ún. Ó wọ́, ó dà bí èyí tí ewúrẹ́ jẹ kù. Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n máa gbà á, mo sáré lọ sọ́jà Akẹ̀sán, mo ra èyí tó dán, mo fi lé e lọ́wọ́. Olùkọ́ fún un ní máàkì 9 nínú 10. Lọ́dún kejì, mò ń gbálẹ̀ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, mo rí èyí tó wọ́ yẹn, ó fi ọ̀rá wé e tónítóní. Èyí tó gba máàkì, mi ò mọ ibi tó gbà. Ọmọ náà ti ń bímọ báyìí, kò tíì hun nǹkan kan mọ́.

Ìdí nìyẹn tí sùúrù mi kò fi pọ̀ fún irú lẹ́tà yín, wọ́n sì ń pọ̀ sí i. Lóṣù tó kọjá, bàbá kan tó dá oko ẹ̀fọ́ sẹ́yìnkùlé pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ kọ̀wé pé òun ra ìdì tẹ̀tẹ̀ lọ́jà kí fọ́tò lè kún.

Ti ọmọbìnrin yẹn ló wá dùn mí jù. Ọmọ ọdún 6 fẹ́ sọ òótọ́ fún ìyá rẹ̀, ẹ fojú pa á lẹ́nu mọ́. Ìyá ọ̀hún fi iyọ̀ fọ àrọ̀, ó sè é lọ́bẹ̀, ó ń ki ọmọ rẹ̀ níwájú àlejò, gbogbo ẹni tó wà nídìí tábìlì ló mọ ohun tí òun nìkan kò mọ̀. Ẹ ní ọmọkùnrin náà kò jẹ nínú ọbẹ̀ yẹn, ẹ pè é ní oríkunkun.

Kí n tó gbàgbé: ẹ kọ ọ́ pé àwọn méjèèjì bọ́ sómi dé orúnkún. Ẹ jọ̀wọ́, kí wọ́n dúró sórí ilẹ̀ gbígbẹ. Omi tó dúró sójú kan báyẹn ni ìgbín kéékèèké tó ń gbé àtọ̀sí ajá fẹ́ràn. Bí ọ̀kan nínú wọn bá tọ ẹ̀jẹ̀, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn, oògùn rẹ̀ wà níbẹ̀, ẹ má lọ máa po àgbo.

Ẹ pe ìyá wọn àti àwọn ọmọ jókòó lálẹ́ òní. Ẹ sọ pé, "Mo ra ẹja yẹn." Ẹ má fi ẹ̀rín bò ó. Mo mọ̀ pé bàbá kì í sábà bẹ ọmọ lọ́dọ̀ wa, ẹ bẹ ọmọbìnrin yẹn. Status ti parẹ́ lẹ́yìn wákàtí 24, àmọ́ àwọn tó rí i ṣì wà lórí fóònù yín. Ẹ kọ ọ́ sí wọn pé àrọ̀ yẹn, rírà ni, pé èpìyà kan lọmọ yín pa, ẹ jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ fi ìka hàn wọ́n bó ṣe gùn tó. Ó lè má fẹ́ sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ má fipá mú un, ẹ má sì fọwọ́ kan ọ̀pá ìwọ̀ yẹn títí òun á fi bèèrè rẹ̀.

Ọgbà ẹranko ńkọ́? Ọ́fíìsì wọn wà ní Ọ̀yọ́ níbẹ̀, ẹ lọ bèèrè bí ẹ ṣe máa wọlé. Àmọ́ ọgbà ìjọba àpapọ̀ ni láti 1991, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ dẹ̀gbẹ́ tàbí pẹja níbẹ̀, nítorí náà ẹ má lọ gbé ìgalà tẹ́ ẹ rà lẹ́bàá ọ̀nà sórí status.

Kẹ̀kẹ́ ńkọ́? Ẹ má tíì rà á. Bí ẹ bá sì máa tún kọ̀wé sí mi, ẹ wá orúkọ mìíràn fi sí ìsàlẹ̀ lẹ́tà. Ọmọ ọdún 9 kan nínú ilé yín ló ni èyí tẹ́ ẹ ń jẹ́ yẹn.