Ìkànnì Tí Kò Tètè Ṣí: Ìdáhùn Sí Ìbéèrè Àwọn Òǹkàwé Láti Ilẹ̀ Ọ̀kun

Láti ìgbà tí a ti kọ̀wé nípa ọjà títà lórí ayélujára nínú abala yìí, lẹ́tà tó ń wọlé láti Kàbà, Ògìdì, Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀ ti pọ̀ ju èyí tí ààyè lè gbà lọ. Mo mú mẹ́rin nínú wọn, nítorí pé ohun kan náà ni wọ́n ń béèrè lọ́nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: ibi tí ìkànnì ẹni ń gbé, báwo ló ṣe kan ẹni tó fẹ́ rajà, báwo ló sì ṣe kan àpò ẹni tó ń tà á?

Ìbéèrè: Ọ̀gá olóòtú, Ọ̀kun o. Aṣọ òkè ni mò ń tà ní Ògìdì. Ọmọ mi tó wà ní Àbújá bá mi ṣe ìkànnì kan ní ọdún tó kọjá, bí òun bá sì ṣí i níbẹ̀, kíá ni ó máa ń ṣí. Ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà mi ń sọ pé àwọn kò rí nǹkan kan, pé ó kàn ń yí ṣáá ni. Ọmọ mi ní nẹ́tíwọ̀ọ̀kì wọn ni kò dára. Ta ni kí n gbà gbọ́? (Ìyá aláṣọ, Ògìdì)

Ìdáhùn: Ìyá wa, Ọ̀kun o, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ọrọ̀ ajé. Ọmọ yín kò parọ́, àwọn oníbàárà yín náà kò sì parọ́. Mo ṣí ìkànnì yín lórí fóònù mi ní gáréèjì Kàbà níbi tí mo ti ń dúró kí ọkọ̀ kún. Bí mo ṣe tẹ àdírẹ́sì rẹ̀ tán ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ení, èjì. Mo ka mẹ́rin kí ojú fóònù tó kúrò ní funfun. Orúkọ ìsọ̀ yín yọ, lẹ́yìn náà ni àwòrán àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀ láti òkè, díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn ń tú aṣọ tí wọ́n ká: etí aṣọ, ìlà pupa kan, ìlà dúdú kan. Kí ó tó dé ìdajì, ẹnì kan ṣoṣo tó kù nínú ọkọ̀ ti dé, awakọ̀ sì ń pè wá. Mo pa fóònù, mo wọkọ̀. Nítorí pé mo ní láti dá yín lóhùn ni mo ṣe tún un ṣí nígbà tí mo délé. Ẹni tó fẹ́ ra aṣọ ìgbéyàwó kò ní irú ìdí bẹ́ẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tó fa èyí ni ibi tí ìkànnì náà ń gbé. Kíláòdù ni wọ́n ń pe irú ibi bẹ́ẹ̀; orúkọ ìkùukùu ni wọ́n fi pè é, ṣùgbọ́n kò sí lójú ọ̀run. Kọ̀ǹpútà ńláńlá ni, tí wọ́n ń pè ní sẹ́fà, tí wọ́n tò sínú ilé kan tí iná kì í kú níbẹ̀ tọ̀sán tòru, tí àwọn tó ni ín sì ń fi yá àwọn ènìyàn bí a ṣe ń yá ìsọ̀ lọ́jà. Mo béèrè lọ́wọ́ ọmọ yín, ó sì ní ìpínlẹ̀ Virginia ní Amẹ́ríkà ni sẹ́fà tí òun yá wà. Nítorí náà, bí ẹnì kan ní Kàbà bá fẹ́ wo aṣọ tí wọ́n hun ní Ògìdì, tó jẹ́ pé ọkọ̀ kì í pẹ́ dé ibẹ̀, ìbéèrè rẹ̀ yóò kọ́kọ́ dé Èkó, yóò wọ inú okùn tí wọ́n tẹ́ sábẹ́ òkun, yóò dé Yúróòpù, yóò sì tún la òkun mìíràn kọjá. Okùn MainOne, tó ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún 2010, gùn tó nǹkan bí 7,000 kìlómítà láti Èkó sí Pọ́túgàl nìkan. Ìmọ́lẹ̀ ló ń gbé ọ̀rọ̀ nínú okùn náà, ìmọ́lẹ̀ kì í sì í sáré ju nǹkan bí 200,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan nínú gíláàsì. Àlọ àti àbọ̀ dé Amẹ́ríkà lè gba ìdá kan nínú márùn-ún ìṣẹ́jú àáyá.

Ẹ lè sọ pé ìyẹn kéré. Ó kéré lóòótọ́, bí ó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n bí àwa náà ṣe ń kíni tọmọtọmọ nílẹ̀ yìí kí a tó sọ ohun tó gbé wa wá, bẹ́ẹ̀ ni fóònù àti sẹ́fà ṣe ń kí ara wọn. Fóònù yóò kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn, wọn yóò jọ ṣe àdéhùn kọ́kọ́rọ́ tí ẹlòmíràn kò fi ní lè ka ọ̀rọ̀ wọn, lẹ́yìn èyí ni yóò tó béèrè ojú ìwé náà. Ojú ìwé ọ̀hún yóò tún sọ fún un pé kí ó lọ mú àwòrán yìí wá, kí ó lọ mú bátánì lẹ́tà tọ̀hún wá. Gbogbo ìrìn wọ̀nyí ni òkun wà láàárín wọn. Ìdí tí ọmọ yín kò fi mọ̀ ọ́n lára ni pé íntánẹ́ẹ̀tì ọ́fíìsì rẹ̀ lágbára, àti pé kọ̀ǹpútà rẹ̀ ti tọ́jú àwọn àwòrán náà sínú láti ọjọ́ tó ti ń ṣe ìkànnì yìí. Ọ̀dọ̀ ara rẹ̀ ló ń mú wọn.

Ohun kejì ni àwòrán, èyí ló sì burú jù nínú ọ̀rọ̀ yín. Àwòrán méjìlá ló wà lójú ìwé àkọ́kọ́, bí wọ́n ṣe jáde láti inú kámẹ́rà ni ọmọ yín gbé wọn síbẹ̀, MB 6 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. MB 72 nìyẹn. Bí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì oníbàárà bá ń gbé mẹ́gábíìtì 2 (mẹ́gábíìtì mẹ́jọ ló di MB kan) ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tí kò sì já rárá, yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìṣẹ́jú márùn-ún kí gbogbo rẹ̀ tó wọlé, dátà tó fi owó rà ni yóò sì jẹ. Bí ọmọ yín bá sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan di KB 150, àpapọ̀ rẹ̀ kò ní kọjá MB 2, nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá méje sì ni yóò gbà. Bí ó bá tún ṣètò rẹ̀ pé mẹ́ta tó wà lókè nìkan ni kó kọ́kọ́ wọlé, kí ìyókù máa dúró di ìgbà tí ènìyàn bá yí ojú ìwé náà dé ọ̀dọ̀ wọn, kò ní pé ìṣẹ́jú àáyá méjì. Mo mọ̀ pé ẹni tó ń ra aṣọ òkè fẹ́ rí òwú àti ọnà rẹ̀ dáadáa, ẹ̀tọ́ rẹ̀ sì ni. Ẹ jẹ́ kí àwòrán ńlá wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá fọwọ́ tẹ ti kékeré.

Kí ẹ tó san kọ́bọ̀ kan kún owó yíyá, àwòrán ni kí ẹ kọ́kọ́ dín kù. Lẹ́yìn náà, kí ọmọ yín lo ilé-iṣẹ́ tó ń tọ́jú ẹ̀dà ìkànnì sí Èkó, kí oníbàárà lè máa mú àwòrán láti ibẹ̀ dípò Amẹ́ríkà. Cloudflare jẹ́ ọ̀kan lára wọn, ó sì ní èyí tí a kì í sanwó fún. Bí ó bá wá kù díẹ̀ káàtó, kí ẹ gbé sẹ́fà fúnra rẹ̀ súnmọ́ ilé.

Ní ti òwò, ẹ má ṣe fojú kékeré wo ìṣẹ́jú àáyá. Ní ọdún 2016, Google gbé e jáde pé bí ojú ìwé bá pẹ́ ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta lọ kó tó ṣí lórí fóònù, ìdá 53 nínú ọgọ́rùn-ún ìbẹ̀wò ni wọ́n ń pa tì. BBC rí i pé fún ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan tó bá lé, ìdá mẹ́wàá mìíràn nínú ọgọ́rùn-ún àwọn òǹkàwé wọn ń lọ. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ fóònù Vodafone mú kí ohun tó tóbi jù lójú ìwé rẹ̀ tètè yọ ní ìdá 31 nínú ọgọ́rùn-ún, ọjà tó tà fi ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i. Ilé-iṣẹ́ ńlá ni wọ́n, èrò wọn kì í ṣe èrò yín, nítorí náà ẹ wo ti yín fúnra yín: ẹ ka iye àwọn tó ti orí ìkànnì bá yín sọ̀rọ̀ lórí WhatsApp fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kí ẹ tó tún un ṣe, kí ẹ sì ka ti ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tó ń dùn mí nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé ẹni tó wá sí ìsọ̀ tí kò bá yín níbẹ̀ lè fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ará ìsọ̀ kejì, ṣùgbọ́n ẹni tí ìkànnì sú kì í sọ fún ẹnikẹ́ni. Àwọn tó ráhùn fún yín yẹn, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Ìbéèrè: Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ń ra kajú lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, àwọn tó ń rà á lọ́wọ́ wa láti Èkó àti Ìlọrin sì ń wo iye àti ìwọ̀n rẹ̀ lórí ìkànnì wa. Láàárọ̀ kò sí ìṣòro, ṣùgbọ́n bí aago méje alẹ́ bá ti lù, ó máa ń fà. Ẹni tó ń bójú tó o ní kí a san ìlọ́po mẹ́ta owó tí à ń san kí a lè gba ààyè tó tóbi. Ṣé èrè wà níbẹ̀? (Akọ̀wé ẹgbẹ́, Ìsánlú)

Ìdáhùn: Ó lè wà, ó sì lè má sí, ìwọ̀n nìkan ló lè sọ ọ́. Ààyè olówó pọ́ọ́kú dà bí ilé tí ayálégbé mẹ́wàá ti ń lo omi kànga kan: bí ará yàrá kejì bá ń fọ aṣọ, omi yín yóò dín kù. Àwọn mìíràn ń fún yín ní agbára tó níwọ̀n, bí ẹ bá sì ti lò ó tán, wọn yóò dín eré ẹ̀rọ náà kù títí yóò fi tún kún. Ṣùgbọ́n ó tún lè jẹ́ òpó nẹ́tíwọ̀ọ̀kì tó wà ní àdúgbò yín ni gbogbo ènìyàn ń rọ́ lù lálẹ́.

Bí ẹ ṣe máa mọ èyí tó jẹ́ nìyí. Ẹ wá PageSpeed Insights ti Google, èyí tó ń wọn bí ìkànnì ṣe ń yá sí, ọ̀fẹ́ ni, kí ẹ fi àdírẹ́sì ìkànnì yín sínú rẹ̀ ní aago mẹ́jọ àárọ̀ àti aago mẹ́jọ alẹ́ fún ọjọ́ méje, kí ẹ sì kọ ohun tó bá sọ nípa ìgbà tí sẹ́fà fi ń dáhùn sínú ìwé. Ẹ̀rọ Google ló ń ṣe àyẹ̀wò náà láti ọ̀dọ̀ tirẹ̀, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì Ìsánlú kò kàn án. Nítorí náà, bí iye náà bá ń gòkè lálẹ́, sẹ́fà ni. Bí kò bá yí padà, tí tiyín sì ń fà síbẹ̀, owó ìlọ́po mẹ́ta yẹn kò ní yanjú ohunkóhun. Google fẹ́ kí sẹ́fà bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn láàárín mílísẹ́kọ́ǹdì 800, èyí tí kò tó ìṣẹ́jú àáyá kan, kí ohun pàtàkì tó wà lójú ìwé sì yọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá 2.5 fún mẹ́ta nínú ènìyàn mẹ́rin tó bá wọlé.

Bí ó bá tilẹ̀ jẹ́ sẹ́fà, ẹ bi ẹni yín bóyá ìkànnì náà ń ṣe ìṣirò iye kajú láti ìbẹ̀rẹ̀ fún olúkúlùkù tó bá wọlé. Iye kajú kì í yí padà ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú. Kí ó tọ́jú ìdáhùn kan fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ó máa fún gbogbo ènìyàn ní ìyẹn kan náà. Mo ti rí i tí èyí nìkan tán ìṣòro tí wọ́n fẹ́ fi owó ńlá yanjú.

Ìbéèrè: Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa fi ìkànnì kó owó jọ láti tún ilé ìwòsàn ṣe. Lọ́jọ́ ìfilọ́lẹ̀, bí alága ṣe ka àdírẹ́sì náà jáde lórí gbohùngbohùn, gbogbo wa wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì dákú. Báńkì yọ owó ẹlòmíràn lẹ́ẹ̀mejì. Kí ni kí a ṣe lọ́dún yìí? (Akápò, Kàbà)

Ìdáhùn: Ẹ má ra ààyè ńlá fún ọdún kan gbáko nítorí ọjọ́ kan. Àǹfààní kíláòdù gan-an ni pé ẹ lè yá ẹ̀rọ tó lágbára fún ọjọ́ méjì péré, kí ẹ sì dá a padà. Kí ẹ gbé e sókè ní àárọ̀ ọjọ́ náà, kí alága tó fọwọ́ kan gbohùngbohùn, nítorí pé ẹ̀rọ tuntun máa ń gba ìṣẹ́jú díẹ̀ kó tó jí, àwọn èrò yín kò sì ní dúró dè é. Kí ojú ìwé tí wọ́n máa kọ́kọ́ rí jẹ́ ọ̀rọ̀ lásán àti bọ́tìnnì kan.

Ọ̀rọ̀ owó tí wọ́n yọ lẹ́ẹ̀mejì ló wúwo jù lójú mi, nítorí pé owó ìlú ni. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ènìyàn tẹ bọ́tìnnì, sẹ́fà kò tètè dáhùn, ó tún un tẹ̀, ìbéèrè méjì sì dé báńkì. Ẹ sọ fún ẹni tó ń ṣe é pé kí bọ́tìnnì náà kú lẹ́yìn títẹ̀ àkọ́kọ́, kí ìsanwó kọ̀ọ̀kan ní nọ́ḿbà kan ṣoṣo láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ìkejì tó bá gbé nọ́ḿbà kan náà wá di èyí tí wọ́n kọ̀. Kí ẹ tó kó owó tuntun, ẹ dá owó tàná tí wọ́n yọ lé padà, kí ẹ sì kéde rẹ̀ fún àwọn ọmọ ìlú pé ẹ ti dá a padà.

Ìbéèrè: Ilé ẹ̀kọ́ wa fẹ́ máa gbé èsì ìdánwò sórí ìkànnì. Àwọn tó fẹ́ yá wa ní ààyè ṣèlérí pé yóò máa wà láàyè fún ìdá 99.9 nínú ọgọ́rùn-ún àkókò tó wà nínú ọdún kan. Ṣé ó tó? (Olùkọ́, Ẹ̀gbẹ̀)

Ìdáhùn: Ìdá tó kù yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí mẹ́sàn-án lọ́dún. Fún ilé ẹ̀kọ́, ó tó, àyàfi bí gbogbo rẹ̀ bá bọ́ sí ọjọ́ tí èsì jáde. Ẹ mọ̀ pé ẹ̀rọ tiwọn nìkan ni ìlérí náà dé: ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, nígbà tí àwọn okùn abẹ́ òkun já ní etíkun Côte d'Ivoire, sẹ́fà tó wà lókè òkun wà láàyè, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Nàìjíríà kò lè dé ọ̀dọ̀ wọn. Bí wọ́n bá sì kùnà ìlérí, wọ́n sábà máa ń yọ díẹ̀ nínú owó tí ẹ máa san fún wọn ní oṣù tó ń bọ̀ ni. Nítorí náà, ẹ yá ààyè wọn, ṣùgbọ́n kí ẹ tẹ èsì sórí bébà pẹ̀lú, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara pátákó ilé ẹ̀kọ́ ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn kan náà.